Abẹ́rẹ́ Kúbúrátù

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àwọn tó bá ara wọn sùn kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ìjọba ni. Tí wọ́n bá rí àrùn ìbálòpọ̀ lára ẹnì kan ní ilé ìwòsàn, èmi Bùnmi Oríyọmí ni wọ́n máa ń pè. Màá jókòó ti onítọ̀hún, màá bi í léèrè gbogbo ẹni tó ti bá sùn, màá sì gbéra, ìbáà jẹ́ Ìkòròdú, ìbáà jẹ́ Ẹ̀pẹ́, títí màá fi rí wọn, kí n lè sọ fún wọn pé kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé lẹ́nu ẹ̀. Mo ti rí pásítọ̀ tó sunkún níwájú mi, mo ti rí àlùfáà tó ní inú ṣáláńgá lòun ti kó o. Kò sẹ́ni tí aṣọ ọrùn rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù mọ́.

Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. O ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tó dárúkọ rẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ sọ àìsàn ẹnì kan fún ẹlòmíràn, kódà kó jẹ́ ìyàwó tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní òfin yìí, tí màá máa na ìka sí wọn lójú. Mo ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, wọ́n rí sífílísì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní rẹ́kórẹ́kó, lára obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ṣìmí lorúkọ rẹ̀, opó ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ bá a kó tó lanu. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní, "Ṣé ẹ búra pé orúkọ mi ò ní jáde?" Mo ní mo búra. Ó wá sọ fún mi pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni, oníbàárà òun kan tó máa ń wá kó ẹja láti Ìgbògbò, Ìdrís Mojúbàolú.

Mo bá Ìdrís nídìí ẹja rẹ̀ ní ọjà Ìgbògbò. Mi kì í jẹ́ kí ará ọjà mọ ohun tí mo bá wá. Mo díbọ́n bí oníbàárà, mò ń fọwọ́ tẹ ẹja wò, mò ń ní ó ti wọ́n jù, mo sì ń ti àárín ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mi fún un ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin dáadáa ni lójú. Kò tíì pé ogójì ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ gún, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Kò jiyàn rárá. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bo àṣírí òun, pé wọ́n fẹ́ fi òun joyè ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, pé ìyá òun máa kú tó bá gbọ́. Ó di ẹja àrọ̀ yíyan ńlá mẹ́ta fún mi kí àwọn èèyàn má baà fura. Mo gbà á. Ẹja náà dùn.

Ó wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ kan síra wọn, kò pa ọ̀kan jẹ. Mo bi í nípa ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fúnra òun bá a sọ ọ́ nílé, kó má baà ti ẹnu àjèjì gbọ́. Òfin wa gba ìyẹn láàyè. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí lórí fóònù pé ìyàwó òun ti gba tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ẹ̀pẹ́, pé ojú ló ń tì í ni kò ṣe wá sọ́dọ̀ wa. Ó yẹ kí n béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó yẹ kí n lọ wo obìnrin náà fúnra mi. Ṣùgbọ́n mo ní fáìlì mọ́kànlélógójì lórí tábìlì, ohùn Ìdrís sì ń dùn bí ohùn ẹni tó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Mo mú bírò, mo fàmì sí i pé ìyàwó ti gba ìtọ́jú, mo pa fáìlì náà dé.

Nínú oṣù Kẹfà, Tèmítáyọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláboyún ní Ìgbògbò, pè mí pé kí n wá. Wọ́n rí sífílísì nínú ẹ̀jẹ̀ aláboyún olóṣù méje kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè wá, ó ní a kì í gbé oyún àkọ́kọ́ jáde sójú ayé títí yóò fi fi ara rẹ̀ hàn. Mo gba káàdì rẹ̀, mo kà á. Kúbúrátù Mojúbàolú. Oyún oṣù méje lóṣù Kẹfà, ẹ bá mi kà á padà: lóṣù Kejì tí mò ń fọwọ́ tẹ ẹja ọkọ rẹ̀ wò, oyún yẹn ti wà níkùn.

Tẹ́lọ̀ ni Kúbúrátù, ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin ló máa bí. Mo sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ló máa wò ó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Tó bá fi lè ku bí oṣù kan kó bímọ kó tó gba àkọ́kọ́, àrùn náà lè pa ọmọ nínú rẹ̀.

"Àǹtí, báwo ló ṣe dé ara mi?" ló bi mí.

"Nípa ìbálòpọ̀ ni."

"Ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀. Òun náà ló gbà mí lọ́mọge."

"Nígbà náà, kí òun náà wá."

Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Kò yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá ẹlòmíràn tó lè jẹ́, bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní kékeré, bóyá bíléèdì tí wọ́n fi gé èékánná rẹ̀. Kò fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó ní aya tó ń ṣe nǹkan lẹ́yìn ọkọ kì í ṣe aya, pé òun ń bọ̀ lọ́la. Mo kọ èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé fún un, mo jẹ́ kó lọ. Mo ní ọ̀la kò kúkú jìnnà.

Nígbà tí ọ̀la dé, kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí pé wọ́n ní kí n wá sílé àwọn láti wá ṣàlàyé ìwé tí mo fún òun.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ìdílé Mojúbàolú ti pé jọ sí pálọ̀. Àlàájà, ìyá Ìdrís, jókòó lórí àga ńlá. Bàbá Salman, àbúrò bàbá Ìdrís, ẹni tó máa ń parí ìjà nínú ẹbí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kúbúrátù wà lórí ẹní nílẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ìdrís wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi," Àlàájà bẹ̀rẹ̀, "ṣé lóòótọ́ ni wọ́n bá àìsàn aṣẹ́wó lára ìyàwó wa?"

"Àlàájà, kì í ṣe àìsàn aṣẹ́wó. Ó lè wà lára ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ẹni tó kó o wálé. Kí tọkọtaya gba ìtọ́jú, ó parí."

"Ọmọ mi ò ṣàìsàn," Àlàájà fèsì. "Ẹ wò ó. Ara rẹ̀ le. Ó kúkú ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò lánàá."

Ìdrís na ìwé kan sí mi. Ìwé láti lábù kan ni, ó ní kò sí sífílísì lára rẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ pàápàá ṣì máa ń fi àmì hàn fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, mo mọ̀ pé tàbí-ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó. Ó wò mí padà, kò ṣẹ́jú. Ó mọ òfin mi dáadáa, èmi ni mo kà á sí i létí nídìí ẹja.

Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn kan ni. Mo rántí Ṣìmí, mo rántí ìbúra mi fún un. Kí n má purọ́, mo rántí àmì tí mo fi bírò fà sínú fáìlì náà, àti pé ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo dá ìwé náà padà fún un.

Ni Bàbá Salman bá tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò fẹ́ ariwo, pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìwé dókítà, Ọlọ́hun ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Kí ìyàwó lọ ṣe àlùwàlá, kó wá fi Al-Kùránì búra. Tó bá búra, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún dá a sílẹ̀ láé.

Ìdrís fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ gbé Al-Kùránì jáde. Mo rí i nígbà tó ń tú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀.

Inú Kúbúrátù dùn, ẹ gbọ́ mi o. Ó sáré dìde lórí ẹní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì fún láǹfààní láti fi hàn, ṣé kò ní dùn mọ́ ọn ni? Ó ṣe àlùwàlá, ó padà wá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ìwé mímọ́ náà, ó gbé tòsì lé ikùn. "Tí mo bá ti mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí Ìdrís láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí n fọwọ́ gba ọmọ yìí láàyè."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Àlàájà dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ní kó dárí ji òun. Wọ́n gbé mínírà tútù fún mi. Mo ní, "Ó dáa, ó ti búra. Kó wá gba abẹ́rẹ́ báyìí."

"Abẹ́rẹ́ kí ni?" Bàbá Salman bi mí. "Kò ní àìsàn náà. Ó ti búra."

"Ìbúra yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, bàbá. Àìsàn náà ṣì wà lára rẹ̀."

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe búra ni? Tó bá ti ọ̀dọ̀ Al-Kùránì kúrò tó lọ gba abẹ́rẹ́ àgbèrè, ta ló ń pè ní òpùrọ́?"

Mo yíjú sí Kúbúrátù. Ó mi orí. "Àǹtí, ẹ má bínú. Tí mo bá gbà á, mo ti ba ìbúra mi jẹ́ nìyẹn." Lójú tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Ìdrís sìn mí dé ẹ̀yìn géètì. Mo sọ fún un pé, "Ọmọ yẹn máa kú. Mo ti ṣàlàyé fún yín lóṣù Kejì pé àrùn yìí ń pa ọmọ inú."

"Ọlọ́hun ló ń fúnni lọ́mọ, Mọ́mì, òun náà ló ń gbà á," ló fi dá mi lóhùn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúkọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbé e jáde. Ẹ kúkú ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó mi gba ìtọ́jú. Ẹ má jẹ́ ká jọ wọ gàù." Ó nawọ́ dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró fún mi. Mo wọ̀ ọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, pé kó fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ó ní, "Bùnmi, tá a bá tú àṣírí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan péré, títí dé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún máa dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wa mọ́. Mélòó ló máa kú nígbà náà?" Kò parọ́. Ó wá ṣí fáìlì, ó rí àmì mi. Ó wò ó pẹ́. "Ta ló fàmì sí èyí?" Ó pa fáìlì náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lọ bẹ obìnrin náà. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mo máa ń mú aṣọ tí kò nílò àtúnṣe dání bí ẹni tó fẹ́ kó bá òun tún un rán. Màá ní, "Kúbúrátù, nítorí Ọlọ́run, gba abẹ́rẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Yóò ní Ọlọ́hun mọ̀. Ó máa ń gbé àga fún mi, ó máa ń ra omi fún mi. Mo ní kí Tèmítáyọ̀ gún un fún un bí ẹni pé abẹ́rẹ́ àrùn ipá tí wọ́n máa ń gún aláboyún ni, ká jọ ru òfin ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Àlàájà ti gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, ó ní àwọn tó purọ́ mọ́ ìyàwó òun kò ní gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí kan ní àdúgbò wọn ló ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn, mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí ó pẹ́ jù. Mo jókòó sí iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ dé ẹnu mi. Ó ń rán aṣọ ọmọ, aláwọ̀ yẹ́lò kan báyìí. Ó ní, "Ó ta mí lẹ́sẹ̀ mọ́jú, Àǹtí, ó lágbára." Mo ní kó kí ọmọ náà fún mi. Mo dìde, mo lọ sílé.

Ó bímọ náà nínú oṣù Kẹjọ. Ọkùnrin ni. Òkú ni, awọ ara rẹ̀ ti ń bó. Ìyá àgbẹ̀bí fi aṣọ wé e, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo rò pé wọ́n máa rántí ohun tí mo sọ. Ẹ wo bí orí mi ṣe gọ̀ tó. Ìbúra ni wọ́n rántí. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí n fọwọ́ gba ọmọ yìí láàyè, ṣé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́? Al-Kùránì ti mú un. Àlàájà tó gbá a mọ́ra ló kọ́kọ́ tutọ́ sí i lára. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ síta, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ṣì ń dà lára rẹ̀. Ìdrís kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ẹbí, ó sì sunkún nígbà tó ń kọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn bá a kẹ́dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wé láwàní oyè fún un.

Kúbúrátù wá sí ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ajé kan. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbẹ̀ṣẹ́ ló ti wá. Ó ti rù, ọmú rẹ̀ ń sun wàrà jáde lára aṣọ, ó fi ìbòrí bò ó. Ó ní òun wá gba abẹ́rẹ́. Mo mú fọ́ọ̀mù jáde, torí bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo bi í ní ìbéèrè tó wà lórí rẹ̀: ta lo ti bá sùn?

"Ẹ kọ Israel," ló sọ.

Mo gbé bírò sókè. "Israel wo?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gbé omi wọlé fún mi rí nígbà tí ara mi ò yá. Mo sùn lọ lórí àga lọ́jọ́ yẹn." Ó ń fi ìka yí etí ìbòrí rẹ̀. "Àǹtí, mo ti rò ó títí. Al-Kùránì kì í purọ́. Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣe nǹkan kan. Ṣé ó ṣeé ṣe kí èèyàn ṣe é, kó má mọ̀?"

Mo ju bírò sílẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún, òfin, Ògúnsànyà, owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo ẹ̀ di ìdọ̀tí lójú mi, àwa tá à ń pa òfin ọ̀hún mọ́ náà sì di ìdọ̀tí.

"Ọkọ ẹ ni, Kúbúrátù. Òun ló kó o wálé. Ọ̀dọ̀ mi níbí ló ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀."

Ó fi etí ìbòrí tó ń yí sílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Oṣù Kejì."

"Ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo búra?"

"Mo ti mọ̀."

"Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Mo ti mọ̀."

Ó lọ sorí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Mo fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́, mo fi òwú nu ìdí rẹ̀, mo gún un. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń dunni wọ egungun, àwọn ọkùnrin máa ń kígbe. Kò mira.

"Ẹ ò bá má ti sọ fún mi mọ́," ló sọ, ojú rẹ̀ sí ògiri. "Mo ti gbà pé èmi ni mo pa á. Ó ti ń rọrùn fún mi."